Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wa Kì í Ṣe Ọ̀ràn Ẹlòmíràn

Gbólóhùn kan wà tó máa ń tètè jáde lẹ́nu àgbà àti ọmọdé ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ọkàn àti ẹ̀jẹ̀: "Iṣẹ́ òyìnbó nìyẹn, kò kàn wá." Wọ́n á ní ibà ni kí á kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ní kí iná mànàmáná kọ́kọ́ dúró. Wọ́n á tún fi òwe tì í lẹ́yìn pé kí á lé akátá lọ ná kí á tó bá adìyẹ wí. Mo ta ko gbólóhùn yìí. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ àtiṣe ohun tí a lè fi sínú ọkàn ènìyàn, tí ẹ̀jẹ̀ kò ní dì mọ́, kan ọmọ ilé-ìwé ní Ọ̀yọ́ ju bó ṣe kan arúgbó tó wà ní London lọ, àti pé àwa gan-an ló yẹ kí á dáwọ́ lé e.

Ẹ jẹ́ kí á ti inú ọkàn bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn 4 ló wà nínú ọkàn ènìyàn. Fáàfù ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ti rí fọkanáísà tó ń fún táyà ní afẹ́fẹ́ mọ iṣẹ́ fáàfù: ó ń jẹ́ kí nǹkan wọlé, kò sì jẹ́ kí ó padà. Nǹkan bí ìgbà 100,000 ni ọkàn ń lù lójúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì lù ni àwọn ilẹ̀kùn náà ń ṣí, tí wọ́n sì ń pa dé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ á wú, èémí á máa kúrú, aláìsàn kò ní lè nà gbalaja sùn mọ́ àfi kó fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí.

Kí ló ń ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́? Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ogbó ló sábà máa ń fà á. Ilẹ̀kùn á gbó mọ́ olówó rẹ̀ lára bí ìdè ilẹ̀kùn ilé ṣe ń dípẹtà. Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà ọ̀fun ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ streptococcus á wọ ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé. Bí wọn kò bá fi oògùn bíi penicillin tọ́jú rẹ̀, àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó bá kòkòrò jà lè ṣi ẹni mú, kí wọ́n yíjú sí oríkèé ara àti ilẹ̀kùn ọkàn ọmọ náà. Rheumatic heart disease ni orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn ọkàn tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ènìyàn tó lé ní 300,000 ló ń pa lọ́dọọdún, àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìpàdé gbogboogbò àjọ náà fẹnu kò pé kí gbogbo ìjọba gbógun tì í. Ọmọ ilé-ìwé àti ìyálọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ni àìsàn yìí ń bá jà jù.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti bàjẹ́ tán, penicillin kò lè tún un ṣe mọ́. Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ní ọdún 1960, oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Albert Starr, pẹ̀lú ẹnjiníà Lowell Edwards, fi bọ́ọ̀lù kékeré kan tó wà nínú àgò wáyà dípò ilẹ̀kùn ọkàn tó bàjẹ́, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, oríṣi ilẹ̀kùn méjì ló gba ọjà: èyí tí wọ́n fi irin tàbí ohun líle ṣe, àti èyí tí wọ́n fi ẹran ara ẹranko ṣe. Ibi tí ẹjọ́ mi wà gan-an nìyí, nítorí pé kò sí èyí tí wọ́n ṣe nítorí ọmọ tiwa nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á mú ti irin ná. Ó lágbára, ó lè pẹ́ ju ẹni tó ni ín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mọ àlejò. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé tí ẹ̀jẹ̀ bá kan ohun àjèjì ni àwọn èròjà inú rẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn wóró kéékèèké tí wọ́n ń pè ní platelet á dé, wọ́n á rò pé ọgbẹ́ ni wọ́n rí, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ara wọn pọ̀ láti dí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dì. Lórí ọgbẹ́ tó wà ní ẹsẹ̀, àánú Ọlọ́run ni. Lórí ilẹ̀kùn ọkàn, ewu ńlá ni, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè di ilẹ̀kùn mọ́ ojú kan, tàbí kí ó já, kí ó gun orí lọ sínú ọpọlọ, kí ó sì sọ ènìyàn di arọ lọ́sàn-án gangan.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn irin gbọ́dọ̀ máa lo oògùn warfarin títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìtàn oògùn yìí yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́. Màlúù ni wọ́n rí ní Amẹ́ríkà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn nítorí koríko tó ti bu tí wọ́n jẹ. Àwọn onímọ̀ yọ èròjà inú koríko náà, oògùn eku ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣe ní 1948, kí ó tó di oògùn ènìyàn ní 1954. Bí ó bá kéré jù nínú ara, ẹ̀jẹ̀ á dì. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á máa ya. Láti mọ ìwọ̀n tó yẹ, aláìsàn ní láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tó jẹ lónìí tí kò jẹ lánàá lè yí ìwọ̀n náà padà. Àgbo tó mu láì sọ fún dókítà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí obìnrin bá sì lóyún lórí oògùn yìí, ó lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ wá fi ojú inú wo ọmọbìnrin ọmọ ọdún 16 kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ọjà Àkẹ̀sán. Ká ní àánú ṣe é, wọ́n fi ilẹ̀kùn irin sí i lọ́kàn. Ta ni yóò máa sanwó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún 50 ọdún? Ta ni yóò máa gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é? Nígbà tó bá relé ọkọ, ta ni yóò sọ fún un pé oògùn tó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí lè ba oyún rẹ̀ jẹ́? Àgbàtán là ń gbọ̀lẹ; bí a bá dáṣọ fún un, à pa á láró. Ilẹ̀kùn tí ó ń béèrè ilé àyẹ̀wò títí láé, ní ìlú tí ilé àyẹ̀wò kò ti sún mọ́ gbogbo ènìyàn, aṣọ tí a dá tí a kò pa láró ni.

Oríṣi kejì ńkọ́, èyí tí wọ́n fi ẹran ara ẹranko ṣe? Àwọn ará Ọ̀yọ́ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ yé. Ìlú oníṣọ̀nà awọ ni Ọ̀yọ́: àpò, tìmùtìmù, abẹ̀bẹ̀ awọ, awọ ìlù. Ẹni tó bá ń ṣe awọ mọ̀ pé awọ tútù á rà, àfi bí a bá fi oògùn awọ sí i. Ohun tí Alain Carpentier, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1970 nìyẹn. Ó mú ilẹ̀kùn ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, ó sì fi oògùn glutaraldehyde sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awọ pàápàá ń lo oògùn kan náà. Lónìí, awọ tínrín tó bo ọkàn màlúù ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń gba irú ilẹ̀kùn yìí ju ti irin lọ, púpọ̀ nínú àwọn tó ní in kò sì nílò warfarin títí láé.

Ṣùgbọ́n ẹ bi oníṣọ̀nà èyíkéyìí ní Ọ̀yọ́ léèrè bóyá awọ tí a ti ṣe tún lè dàgbà. Kò lè dàgbà. Ọmọ á ga, ọkàn rẹ̀ á tóbi, ilẹ̀kùn á wà bó ṣe wà. Èyí tó tún burú ni pé ara ọmọdé tètè máa ń kó èròjà eegun sórí rẹ̀, tí yóò fi le gbagidi bí ìkarahun. Ní ara arúgbó ọlọ́dún 75, ó lè má bàjẹ́ títí ẹni náà yóò fi kú ikú àlàáfíà. Ní ara ọmọ ọdún 10, ọdún díẹ̀ ni, wọ́n á sì tún la àyà rẹ̀. Ilé wo ló lè sanwó iṣẹ́ abẹ ọkàn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta?

Ọ̀nà kẹta ni àwọn onímọ̀ ń wá: ilẹ̀kùn tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ tí yóò di ẹran ara ẹni tó ni ín. Wọ́n á ṣe férémù kan, sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ á hù lórí rẹ̀, férémù á yòrò díẹ̀díẹ̀, ohun alààyè á sì kù tó lè bá ọmọ dàgbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1999, ní Japan, Toshiharu Shinoka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú sẹ́ẹ̀lì láti inú òpó ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin ọlọ́dún 4 kan, wọ́n gbìn ín sórí irú férémù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Nàìjíríà. Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì, tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Enugu ní 1974, òun náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2007 pé àwọn ti mú kí ẹran ara ilẹ̀kùn ọkàn hù láti inú sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn eegun.

Kí ló wá ń dá wọn dúró? Ẹ̀jẹ̀ náà ni. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ wa ní ìpele sẹ́ẹ̀lì kan tó fẹ́lẹ́ púpọ̀, endothelium ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà pé, "Má dì, ilé ni o wà." Ó ń tú èròjà jáde tí kò jẹ́ kí platelet lẹ̀. Nígbà tí a bá wá fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò lára ẹran ara ẹranko, bí onílù ṣe ń fá irun àti ẹran kúrò lára awọ ewúrẹ́, collagen ló ń kù, okùn tó di awọ mú. Collagen yìí sì gan-an ni ohun tí platelet ń wá kiri láti fi dá ọgbẹ́ mọ̀! Ẹni tó bá fi awọ tí a fọ̀ lásán sójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ó ti pe ẹ̀jẹ̀ dídì wá sílé. Nítorí náà ni wọ́n fi ń wá bí wọn yóò ṣe bò ó: àwọn kan ń so heparin mọ́ ọn, oògùn tí wọ́n ń yọ láti inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àwọn kan ń gbin sẹ́ẹ̀lì aláìsàn sí i, àwọn mìíràn ń wá ojú awọ tí yóò fa sẹ́ẹ̀lì wá fúnra rẹ̀.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Ní Vienna, àwọn dókítà fi ilẹ̀kùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fọ sẹ́ẹ̀lì kúrò lára rẹ̀ sí ọmọkùnrin 4 lára. Mẹ́ta kú. Wọ́n yọ ti ẹnì kẹrin kíákíá. Ní 2003 ni wọ́n kọ ọ́ jáde kí gbogbo ayé lè kà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé a kò gbọ́dọ̀ kánjú fi ọmọ ẹlòmíràn dán nǹkan wò. Bí a bá fara balẹ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Àwọn tó fara balẹ̀ ti ń rí i: ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òpó ẹ̀jẹ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Humacyte ṣe láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, fún ẹni tí ìjàǹbá já òpó ẹ̀jẹ̀ apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye ọ̀kadà àti ọkọ̀ àjàgbé tó ń bá ara wọn du ọ̀nà láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní sọ pé irú òpó bẹ́ẹ̀ kò kan òun.

Mo mọ èsì tó ń bọ̀: "Owó dà? Iná dà?" Ẹ jẹ́ kí á wo Íńdíà. Ní ìlú Thiruvananthapuram, oníṣẹ́ abẹ kan, M. S. Valiathan, rí i pé àwọn aláìsàn òun kò lè ra ilẹ̀kùn òkèèrè. Àìsàn ọ̀fun yìí kan náà ló pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òun àti àwọn ẹnjiníà ilé-ẹ̀kọ́ Sree Chitra bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn. Èyí àkọ́kọ́ kùnà. Èkejì kùnà. Ẹ̀kẹta náà kùnà. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n fi sí ènìyàn lára ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, ó sì ti wọ ọkàn ènìyàn tó lé ní 100,000 láti ìgbà náà, ní owó tó dínkù gan-an sí ti òkèèrè. Òótọ́ ni pé ilẹ̀kùn líle ni, ó ṣì ń béèrè warfarin. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kùnà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó ti dá ẹni tó ń wí pé "kò kàn wá" lóhùn.

Kí á tilẹ̀ fi Íńdíà sílẹ̀, kí á padà sílé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ní Yunifásítì Ladoke Akintola, LAUTECH, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo èèpo obì tí àwọn ènìyàn ń dà nù, àti ilé agbọ́n, láti ṣe wóró fàdákà tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí àgbáyé pé àwọn wóró náà kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dì nínú ìgò àyẹ̀wò, wọ́n sì ń tú èyí tó ti dì. Èèpo obì! Inú ìgò ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú ọkàn ènìyàn, a sì ní láti mọ̀ bóyá fàdákà náà kò ní pa sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó hù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Yunifásítì kan tó mọ ohun tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn tó ti wà láti 1907, tó ń jẹ́ ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Bowen lónìí, wà níbẹ̀, ti LAUTECH náà sì wà. Ilé ìpẹran wà ní ìlú méjèèjì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ka awọ tó bo ọkàn màlúù sí. Àwọn tó mọ awọ í fọ̀, tí wọ́n mọ̀ ọ́n fá láì ya, wà ní Ọ̀yọ́. Kí ló kù? Ẹni tí yóò pè wọ́n jókòó sórí ẹní kan náà ló kù.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì tó ohun tí ń dẹ́rù bani. Kí á tó fi ohunkóhun sára ẹranko, ká má tíì sọ ti ènìyàn, orí tábìlì la ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó gé awọ náà kékeré sínú ẹ̀jẹ̀ tútù, a ó ka ìṣẹ́jú tó fi dì. A ó wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ pupa bẹ́ tí omi fi di pupa. A ó ṣàn án, a ó sì ka iye platelet tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ ẹ̀rọ awò-kòkòrò. Yàrá ìwádìí yunifásítì lè ṣe é. Ìlànà àgbáyé wà fún un, ISO 10993 apá kẹrin.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ni LAUTECH, ya owó kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, kí ó má sì gbà á padà nígbà tí àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ ra ọkàn màlúù kan ní ilé ìpẹran, ẹ là á níwájú kíláàsì SS2, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà kó sì pa á dé. Àwòrán orí pátákó tí a ń dà kọ láti ọdún dé ọdún kò lè bí ẹni tí yóò ṣe ilẹ̀kùn tuntun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin lẹ ni ìpín tó yá jù. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín pẹ̀lú ibà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì lo oògùn tí wọ́n bá fún un tán. Bí oríkèé ara bá ń dùn ún, tí ìrora náà ń ti orúnkún bọ́ sí ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má fi pè é ní àárẹ̀ eré bọ́ọ̀lù lásán. Akátá tí wọ́n ní kí á kọ́kọ́ lé nìyẹn, mo sì gbà pé kí á lé e. Ṣùgbọ́n àwọn adìyẹ tí akátá ti bù jẹ wà nílẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọn kò sì lè dúró de ìgbà tí òyìnbó bá rántí wọn.

Àwọn tó ń ṣe ilẹ̀kùn ọkàn ní òkèèrè kò ṣẹ̀ wá. Ti ará ilé wọn ni wọ́n ń tọ́jú, arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú ará ilé wọn. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú tiwa. Ẹni tó bá tún wí fún yín lọ́la pé ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ àti ohun tí a ń fi sínú ọkàn kò kàn wá, ẹ bi í pé ọmọ ta ni ó rò pé ó kàn.